Oògùn Tó Mọ Ilé Tó Ń Lọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Oògùn Jẹjẹrẹ

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, mo kọ ojú ìwé kan nípa àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní adènà kínéèsì. Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, pàápàá láti ọwọ́ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Abuja àti ní òkè Ọya, mo sì rí i pé ohun kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń béèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà: báwo ni oògùn ṣe ń mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀? Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé wọn kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin apòògùn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún tó kọjá ni àwọn dókítà sọ fún ọkọ mi pé ó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CML. Imatinib 400 mg ni wọ́n ní kó máa lò, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Irun rẹ̀ kò re, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé wá ń sọ pé oògùn jẹjẹrẹ tí kò bá da ara rú kò lè jẹ́ ojúlówó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni oògùn ṣe ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ yàtọ̀ sí ara? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kubwa, Abuja.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run yóò fún ọkọ yín ní àlàáfíà. Kí n tó ṣe àlàyé kankan, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá kan, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀.

Ní ti òtítọ́, oògùn náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìrísí ni ó mọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àwọn purotéènì kan wà tí à ń pè ní kínéèsì. Àwọn onímọ̀ tó wá wọn nínú jíìnì ènìyàn ní ọdún 2002 kà wọ́n tó 518. Iṣẹ́ wọn ni láti bu fọ́sífétì kan lára ATP, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe agbára, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì mìíràn lára. Fọ́sífétì kékeré yìí ni àṣẹ: bí ó bá ti lẹ̀, purotéènì tó gbà á yóò jí, tàbí kó sùn, tàbí kó ránṣẹ́ sí òmíràn pé ó tó àkókò láti dàgbà tàbí láti pín sí méjì. Edmond Fischer àti Edwin Krebs, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1992 nítorí pé wọ́n fi hàn bí ara ṣe ń pàṣẹ lọ́nà yìí, àti bó ṣe ń gba àṣẹ náà padà.

Ọ̀kan nínú àwọn kínéèsì náà ń jẹ́ ABL. Nínú ara tó dá, ó máa ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, ó sì máa ń sinmi. Nínú ara ẹni tó ní CML, ègé kan lára kùròmósóòmù kẹsàn-án àti ègé kan lára ìkejìlélógún ti gba ààyè ara wọn, jíìnì ABL sì ti lọ so mọ́ òmíràn tó ń jẹ́ BCR. Purotéènì tó ti ibẹ̀ jáde, BCR-ABL, kò mọ ìsinmi mọ́. Tọ̀sán tòru ni ó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun máa pọ̀ sí i nínú mùdùnmúdùn eegun. Peter Nowell àti David Hungerford ni wọ́n kọ́kọ́ rí kùròmósóòmù ìkejìlélógún tó ti kúrú náà ní ìlú Philadelphia ní 1960, Janet Rowley ní Chicago ló sì fi hàn ní 1973 pé pàṣípààrọ̀ ààyè ni ó fà á.

Àwọn oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ máa ń kọlu sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí tó bá ń pín kíákíá. Ìdí irun ń pín, awọ inú ìfun ń pín. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí inú sì fi ń rú. Imatinib kò wá èyí tó ń pín kiri. Ó ń wá ihò kan lára ABL, ó ń jókòó sínú rẹ̀, ATP kò sì ní rí ààyè wọlé mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, ABL tó dá náà ń bá a rìn, nítorí ihò kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó dá ní ọ̀nà mìíràn láti gbé, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì CML ti gbé gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lé àṣẹ kan ṣoṣo yẹn, tí a bá sì ti pa àṣẹ náà, kò ní ohun tó kù tí yóò dì mú.

Oògùn tí kò da ara rú yìí ni wọ́n fún àwọn aláìsàn nínú ìwádìí ńlá kan tí ènìyàn 1,106 kópa nínú rẹ̀. Nínú àwọn tó fi imatinib bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kò sì túmọ̀ sí pé kò ní ìpalára kankan. Ojú lè wú, iṣan lè máa fà, inú lè rú. Ṣùgbọ́n ìnira kọ́ ni òṣùwọ̀n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ka iye BCR-ABL tó kù ni ẹlẹ́rìí, òun sì ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé oògùn yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn aláìsàn láti onírúurú ìpínlẹ̀ ti ń lọ gba imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ tí Novartis àti àjọ Max Foundation gbé kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ni mí ní Zaria. Olùkọ́ wa sọ pé gbogbo kínéèsì ló ń lo ATP, àti pé ihò tí ATP ń wọ̀ jọra nínú gbogbo wọn. Bí ihò bá jọra nínú kínéèsì tó lé ní 500, báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣe oògùn tí yóò wọ ọ̀kan, tí kò ní wọ ìyókù? — Akẹ́kọ̀ọ́, Samaru, Zaria.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ yìí gan-an ni ó mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ ẹ̀yìn sí kínéèsì nígbà kan. Wọ́n gbà pé kò ṣeé ṣe, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1977, Satoshi Ōmura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí ohun kan tó ń jẹ́ staurosporine lára kòkòrò tíntín inú ilẹ̀. Ōmura yìí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bí ivermectin, Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé òkè Ọya nítorí àrùn ìfọ́jú etí odò, tí wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní Nobel ní 2015. Staurosporine máa ń jókòó sínú ihò ATP dáadáa. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ti èyí tó pọ̀ jù lọ nínú kínéèsì ló ń jókòó sí, débi pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó sì ń pa sẹ́ẹ̀lì tó dá pẹ̀lú. A kò lè gbé e fún aláìsàn.

Bí o bá ti dé Gwarinpa ní Abuja rí, wàá ti rí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láti inú àwòrán kan ṣoṣo: ilẹ̀kùn iwájú kan náà, pálọ̀ kan náà, fèrèsé kan náà. Ihò ATP ni pálọ̀ yẹn. Ẹni tó bá mọ pálọ̀ nìkan kò lè sọ ilé tó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gba pálọ̀ kọjá sí ẹ̀yìn, wàá rí i pé onílé kan ti fa yàrá kan jáde, òmíràn ti dí fèrèsé, òmíràn ti gbé ilẹ̀kùn ibi ìdáná sí ọ̀nà mìíràn. Oògùn tó ń ṣàyàn ni èyí tó fi apá kan jókòó sí pálọ̀, tó sì na apá kejì dé yàrá ẹ̀yìn tí àwọn aládùúgbò kò ní.

Ohun tó tún ràn wá lọ́wọ́ ni pé kínéèsì kì í dúró sójú kan. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó ní ìdúró kan. Nígbà tó bá ń sinmi, ó ní òmíràn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kò sí bí wọn kò ṣe ní jọra, nítorí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, bí ìgbà tí àwọn ṣọ́jà bá tò sórí ìlà níwájú ọ̀gá wọn. Lọ bá àwọn ṣọ́jà kan náà ní bárékè nígbà tí wọ́n bá sùn, kálukú ni yóò na ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lẹ́nu ihò ATP ni àwọn àmínò ásíìdì mẹ́ta kan wà, ìyẹn àwọn ègé tí a fi kọ́ purotéènì, tí à ń kọ ní DFG. Nígbà tí ABL bá ń sinmi, àwọn mẹ́ta yìí máa ń yí síta, yàrá kan sì máa ń ṣí lẹ́yìn wọn. Inú yàrá yẹn ni imatinib na ẹsẹ̀ sí. John Kuriyan àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní New York ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, tí gbogbo wa fi rí i kedere.

Wo SRC, mọ̀lẹ́bí ABL. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, síbẹ̀ agbára tí imatinib fi ń di ABL mú ju èyí tó fi ń di SRC mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú pálọ̀ rárá. Ó wà nínú bó ṣe rọrùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó láti yí ara rẹ̀ sí ìdúró tí imatinib fẹ́, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Àwa tí a kọ́ ìmọ̀ yìí láti inú àwòrán ojú ìwé máa ń gbàgbé pé ohun tó ń mira ni purotéènì. Má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ti methyl kan ṣoṣo. Ní ilé iṣẹ́ Ciba-Geigy ní Basel, ilé iṣẹ́ tó wá di ara Novartis ní 1996, Nicholas Lydon, Jürg Zimmermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí mólékù kan tí kì í ṣe ABL ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá a, kínéèsì mìíràn tó ń jẹ́ PKC ni ó ń dènà. Wọ́n ń fi apá kan kún un, wọ́n ń gé apá kan kúrò, wọ́n ń dán an wò, bí aránṣọ tó ń fa aṣọ mọ́ ènìyàn lára. Nígbà tí wọ́n fi methyl kan, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta, sí ẹ̀gbẹ́ òrùka kan lára mólékù náà, ó yí ìdúró padà, kò bá ihò PKC mu mọ́, ó sì ń bá ABL mu síbẹ̀. Átọ́ọ̀mù mẹ́rin péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òrùka mìíràn sí ìdí rẹ̀ kí ó lè yòrò nínú omi, kí aláìsàn lè gbé e mì dípò kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́. Brian Druker ní Portland, Oregon, dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì CML. Ní 1998 ni aláìsàn àkọ́kọ́ lò ó, ní oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i. Kíyè sí i pé ọdún 2000 ni àwòrán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jáde. Wọ́n ti rán aṣọ náà tán kí wọ́n tó rí ara tí yóò wọ̀ ọ́. Lónìí, àwòrán ni a ń kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n n kò rò pé àwòrán lè rọ́pò sùúrù àwọn tó ń dán átọ́ọ̀mù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó yẹ kí o mọ̀. Àwọn kínéèsì díẹ̀ ní àmínò ásíìdì tó ń jẹ́ cysteine lẹ́bàá ihò wọn, a sì lè ṣe oògùn tó ní ìwọ̀ tí yóò so mọ́ cysteine náà, tí kò sì ní tú mọ́. Osimertinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ń so mọ́ cysteine 797 lára kínéèsì tó ń jẹ́ EGFR, ó sì ń mú EGFR tó ti bàjẹ́ ju èyí tó dá lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sú ara tó àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ibrutinib, ti 2013, ń so mọ́ cysteine 481 lára kínéèsì tó ń jẹ́ BTK, ṣùgbọ́n ó tún ń so mọ́ àwọn mìíràn tó ní cysteine ní ibi kan náà. Nígbà tí wọ́n fi acalabrutinib, èyí tó ṣàyàn jù ú lọ, wé e lára àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CLL, 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ibrutinib ni ọkàn wọn ń lù ségesège, ó sì jẹ́ 9.4 lára àwọn tó lo acalabrutinib. Ohun tí ìṣàyàn túmọ̀ sí lára ènìyàn nìyẹn: ọkàn tó ń lù dáadáa.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán mólékù tuntun wò lára kínéèsì tó lé ní 400 lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó gbàgbọ́ pé ó ń ṣàyàn. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé oògùn gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan ṣoṣo kó tó dára. Imatinib ń mú kínéèsì mìíràn tó ń jẹ́ KIT pẹ̀lú, nítorí èyí ni ó sì fi di oògùn fún irú jẹjẹrẹ ikùn tí wọ́n ń pè ní GIST ní 2002. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ mólékù ni pé kí n mọ gbogbo ibi tó ń yà sí, kí aláìsàn sì lè fara da ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa, imatinib ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ti ń burú. Ṣé kò ní sàn kí wọ́n fún un ní oògùn tó lágbára, tí yóò pa gbogbo kínéèsì lẹ́ẹ̀kan? — Oníṣòwò, Sábó Gàrí, Kano.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́tù bóyá ọjọ́ wà tí wọn kò rí oògùn lò, tàbí bóyá wọ́n ń fi àgbo kún un. Ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀, CYP3A4, ni ó ń tú imatinib ká. Ewé kan lè mú kí ẹ́ńsáìmù náà yára jù, tí oògùn kò fi ní pẹ́ lára, òmíràn sì lè dí i lọ́wọ́ títí oògùn yóò fi pọ̀ jù. Kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń mu fún dókítà, láìfi ọ̀kankan pamọ́.

Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé BCR-ABL fúnra rẹ̀ ni ó ti yí padà. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí mo sọ fún ọmọ Zaria lókè ni àmínò ásíìdì kan dúró sí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aṣọ́nà. Àwa tí a ń gbé òkè Ọya á pè é ní mẹ́gáàdì. Threonine ni ó máa ń jẹ́ nínú ABL. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún máa ń di imatinib lọ́wọ́ mú wọlé. Nínú àyípadà tí wọ́n ń pè ní T315I, isoleucine ti gba ipò rẹ̀: ó sanra jù ú lọ, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi di oògùn mú. Imatinib kò lè kọjá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni dasatinib àti nilotinib tó tẹ̀ lé e kò lè kọjá.

Ponatinib, ti ọdún 2012, ni àwọn onímọ̀ ṣe ní tẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù méjì tí ìdè mẹ́ta so pọ̀, kí ó lè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́gáàdì tó sanra náà kọjá. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú ọ̀pọ̀ kínéèsì mìíràn, títí kan àwọn tó ń tọ́jú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dì nínú iṣan àwọn aláìsàn kan débi pé wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀ ní 2013, kí wọ́n tó dá a padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ líle. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn: èyí tó ń mú púpọ̀ máa ń gba owó rẹ̀ lára aláìsàn. Asciminib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021, kò tilẹ̀ lọ sí ihò ATP rárá. Ó ń wọ ihò mìíràn ní ẹ̀yìn ABL, ibi tí ABL fúnra rẹ̀ fi ń ti ara rẹ̀ pa, kínéèsì tó sì ní irú ihò yẹn kò pọ̀. Ẹ ní kí dókítà bá yín ṣe àyẹ̀wò àyípadà BCR-ABL kí wọ́n tó pààrọ̀ oògùn, nítorí oògùn tó kàn dá lórí àyípadà tí wọ́n bá rí.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí. Ṣé irú iṣẹ́ yìí lè ti ọwọ́ àwọn ọmọ wa jáde níbí, àbí òkè òkun nìkan ni? — Olùkọ́, Jos.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ aráyé, ẹ̀yin olùkọ́. Apá kan nínú iṣẹ́ náà wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán purotéènì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Protein Data Bank, AutoDock Vina tí a fi ń wo bí mólékù ṣe lè jókòó sínú ihò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí wàhálà wà ni lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Iye tí kọ̀ǹpútà bá pè kì í ṣe oògùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ se mólékù náà, kó dán an wò lára kínéèsì tòótọ́, lẹ́yìn náà lára sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú àti firísà tí kì í yọ́. Láti 1987 ni a ti ní ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Idu níbí ní Abuja, ó sì dùn mí pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ ìwádìí wọn lórí kínéèsì ń dúró sí orí kọ̀ǹpútà, nítorí pé owó ohun èlò kò sí.

Ṣùgbọ́n fún kíláàsì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ 1IEP sínú Protein Data Bank. ABL àti imatinib nínú rẹ̀ ni yóò jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wá threonine 315, kí wọ́n wo bó ṣe sún mọ́ oògùn náà tó, kí wọ́n wá yí àwòrán náà títí wọn yóò fi rí methyl kékeré tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òrùka àárín.